Bí A Ṣe Ń Ka Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ará Àtijọ́ Nínú Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Adágún

Bí ènìyàn bá ṣán igbó, tí ó sì ro oko sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í lè di ara rẹ̀ mú mọ́ nígbà òjò. Ọ̀gbàrá yóò wọ́ erùpẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú odò, odò yóò gbé e lọ sínú adágún, erùpẹ̀ náà yóò sì rọra rì sí ìsàlẹ̀ omi, ìpele lórí ìpele, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ka àwọn ìpele wọ̀nyí lè mọ ìgbà tí àwọn ará àtijọ́ dé etí omi náà, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ irin, àti ìgbà tí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ tí igbó tún padà bò ó. Ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ni mo kọ ìlànà yìí fún, mo sì fẹ́ kí ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí a ń wá nínú ẹrẹ̀ gan-an ni ó tún máa ń da ọjọ́ orí ẹrẹ̀ náà rú.

Ibi tí ẹ óò ti gbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Adágún ńlá tí odò púpọ̀ ń ṣàn sí a máa kó ìròyìn gbogbo agbègbè jọ sójú kan, débi pé oko abúlé kan kò ní hàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n adágún kékeré tí òkè díẹ̀ yí ká, tí ó sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi lè ru ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, yóò sọ ti àyíká rẹ̀ nìkan. Ẹ̀bá odò náà ní ẹrẹ̀ tirẹ̀, àmọ́ odò a máa wó ohun tí ó ti tò jọ, nítorí náà àlàfo ọgọ́rùn-ún ọdún lè wà láàárín ìpele méjì tí ó lẹ̀ mọ́ra láìsí àmì kankan tí ojú lè rí. Bí adágún bá wà nítòsí, adágún ni èmi yóò yàn.

Nígbà tí ẹ bá ń ti páìpù wọ inú ẹrẹ̀, ẹ má ṣe yọ òpó ẹrẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ yọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ibi tí ègé ọ̀kan ti parí má bàa ṣe déédéé pẹ̀lú ti èkejì, torí pé ojú oríkèé wọ̀nyẹn ni ẹrẹ̀ ti máa ń sọnù. Ọjọ́ tí a bá la páìpù náà sí méjì gbọọrọ ni ojú ń rí nǹkan. Ẹrẹ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ láti ọdún gbọọrọ lè dúdú bíi kóró iṣin, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún, nítorí náà kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ni ẹ óò fi ha ojú rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí ẹ sì máa nu ọ̀bẹ náà lẹ́yìn híha kọ̀ọ̀kan; bí ẹ bá ha á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ẹ ti fi ẹrẹ̀ ìgbà yìí kun ti ayé àtijọ́ lójú. Ẹ lè rí ìlà èédú kan tí kò nípọn ju etí ọ̀bẹ lọ, tí amọ̀ pupa jókòó lé lórí. Iná ni ó kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀, ọ̀gbàrá ni ó tẹ̀lé e.

Ẹ̀rọ X-ray tí ń rìn lórí òpó ẹrẹ̀ lè ka ọ̀pọ̀ èròjà ní mìlímítà kọ̀ọ̀kan láìba ohunkóhun jẹ́. Síbẹ̀, omi inú ẹrẹ̀ àti ojú tí kò tẹ́jú a máa yí iye tí ó ń kà padà, nítorí náà ẹ bù díẹ̀díẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n gbẹ ẹ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì wọn èròjà inú rẹ̀ dáadáa. Titanium ni mo máa ń kọ́kọ́ wò: inú òkúta àti erùpẹ̀ ni ó ti ń wá, kì í sì í yọ́ bọ̀rọ̀, torí náà bí ó bá pọ̀ sí i, a jẹ́ pé erùpẹ̀ orí òkè ń wọlé. Òjé àti bàbà a máa fi iṣẹ́ àwọn tí ń yọ́ òjé, bàbà àti fàdákà hàn. Eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé àti fàdákà nígbà àwọn ará Róòmù fò dé Greenland, ó sì wà nínú yìnyín ibẹ̀ di òní. Fọ́sífọ́ọ̀rù ni àmì ìgbẹ́, egungun àti pàǹtí, àmọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tán ní ìsàlẹ̀ omi, èyí tí ó lẹ̀ mọ́ irin a máa tú padà sínú omi, ohun tí ó ṣẹ́kù kò sì ní jẹ́ gbogbo ohun tí ó wọlé. Bí owó bá wà, ẹ wá ọ̀rá kan tí à ń pè ní coprostanol, èyí tí ó ń ti inú ìfun ènìyàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹlẹ́dẹ̀ náà ní in.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kíka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún bí ẹni pé òun ni iye. Ohun gbogbo inú ẹrẹ̀ ni yóò parapọ̀ di ọgọ́rùn-ún. Bí ewé jíjẹrà bá wọlé ní ìlọ́po méjì, ìdá titanium yóò lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ erùpẹ̀ tí ń wọlé kò dín ní hóró kan. Láti mọ èyí, ẹ sun díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ ní ìwọ̀n ooru 550 ti Celsius fún wákàtí mẹ́rin. Ohun tí ó bá dín nínú ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ewé àti ohun abẹ̀mí nìkan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣírò iye tí ń wọlé lọ́dún: ìdá èròjà náà, lọ́nà ìwúwo ẹrẹ̀ gbígbẹ inú sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga, lọ́nà sẹ̀ǹtímítà tí ẹrẹ̀ fi ń ga lọ́dún. Bí ìpele tí ó wà ní 120 sẹ̀ǹtímítà bá jẹ́ ẹni 1,000 ọdún, tí ti 180 sì jẹ́ ẹni 1,600, mìlímítà kan ni ẹrẹ̀ fi ń ga lọ́dún. Ọjọ́ orí ni gbogbo ìṣirò yìí dúró lé, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti le.

Kábọ́ọ̀nù 14, irú kábọ́ọ̀nù kan tí ń tán díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tí ó ti kú, tí Willard Libby àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1949, ni a gbára lé jù. Ìdajì rẹ̀ a máa tán láàárín 5,730 ọdún, nítorí náà a lè fi ka ọjọ́ orí ohun tí ó ti kú dé nǹkan bí 50,000 ọdún sẹ́yìn. Iye ọdún ṣáájú 1950 ni ilé àyẹ̀wò yóò fún yín, kì í sì í ṣe ọdún kàlẹ́ńdà; IntCal20, àkójọ tí a fi ń sọ iye náà di ọdún kàlẹ́ńdà, ni ẹ óò fi yí i padà, tàbí SHCal20 bí ibi iṣẹ́ yín bá wà ní ìdajì gúúsù ayé. Èyí kò le. Ohun tí ó ń mú ènìyàn ṣìnà ni ohun tí ó fi ránṣẹ́. Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, ewé ọdún náà ni ó ń bọ́ sínú omi. Lẹ́yìn tí a bá ro ilẹ̀ tán, ọ̀gbàrá yóò gbé erùpẹ̀ tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti sùn sínú ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún wá. Bí ẹ bá wá fi odidi ẹrẹ̀ ránṣẹ́, èsì lè sọ pé ìpele oko dàgbà ju ìpele tí ó gbé e rù lọ, bí ìgbà tí ọmọ bá ju baba lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sọ irú èsì bẹ́ẹ̀ nù. Èmi kì í sọ ọ́ nù: bí ó bá ṣe déédéé pẹ̀lú ibi tí titanium ti fò sókè, ẹ̀rí ni pé ilẹ̀ àtijọ́ ni ó ń ya lọ. Láti rí ọjọ́ orí tòótọ́, ẹ fi asẹ́ yọ hóró èso, ewé tàbí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ igi orí ilẹ̀. Mílígíráàmù díẹ̀ ti tó. Ẹ má ṣe fi ewéko inú omi ṣe é níbi tí òkúta ẹfun bá wà, torí kábọ́ọ̀nù òkúta náà ni ó ń jẹ, yóò sì dà bí arúgbó.

Fún ẹrẹ̀ òkè pátápátá, ti nǹkan bí 150 ọdún tó kẹ́yìn, òjé 210, irú òjé kan tí òun náà ń tán díẹ̀díẹ̀, ni a ń lò; cesium 137, tí ó ti inú bọ́ǹbù átọ́míìkì wá, sì ń fi ọdún 1963 hàn, nígbà tí eruku àdánwò bọ́ǹbù náà pọ̀ jù lójú òfuurufú. Fún iyanrìn ẹsẹ̀ òkè tí kò ní ewé nínú, ìmọ́lẹ̀ tí ó pa mọ́ sínú hóró quartz ni a ó fi mọ ìgbà tí ó rí oòrùn gbẹ̀yìn. Páìpù irin ni kí ẹ gbá wọ ilẹ̀, kí ẹ má sì ṣí i àyàfi nínú yàrá tí iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan wà.

Nígbà tí ẹ bá ti fi Bacon tàbí OxCal, àwọn ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, so ọjọ́ orí àti jíjìn pọ̀, ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ènìyàn ni tàbí òjò. Erùpẹ̀ nìkan kò lè dáhùn, nítorí ìjì àrọ̀ọ̀rọ̀tán náà ń wó òkè. Ní Petén ní Guatemala, amọ̀ tí ó nípọn wà ní ìsàlẹ̀ àwọn adágún, amọ̀ Maya ni àwọn onímọ̀ ń pè é, nítorí àwọn Maya tí wọ́n kọ́ ìlú síbẹ̀ láyé àtijọ́. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi igbó dín kù nínú rẹ̀, ti koríko àti àgbàdo sì yọjú, ẹrẹ̀ tí ewé pọ̀ nínú rẹ̀ sì tún jókòó lé e lórí lẹ́yìn tí àwọn ìlú náà tú. Ẹ̀rí mẹ́ta tí kò ti orísun kan wá ni ó pàdé níbẹ̀, òun ni ó fi ṣòro láti jiyàn sí.

Ẹ ṣẹ́ ìdajì òpó ẹrẹ̀ kọ̀ọ̀kan kù láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ wé e ní ọ̀rá, kí ẹ kọ òkè àti ìsàlẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú òkùnkùn ní ìwọ̀n 4 ti Celsius.