Ẹ Ka Ibi Tí Àdéhùn Franchise Ti Lè Parí Kí Ẹ Tó Sanwó

Tí ẹ bá fẹ́ ṣí ẹ̀ka ilé oúnjẹ olókìkí kan sí Òkè-Fìà tàbí Ògo-Olúwa nílùú Òṣogbo, àdéhùn franchise ni àwọn tó ni orúkọ náà yóò gbé síwájú yín. Wọ́n á yá yín lórúkọ, wọ́n á kọ́ yín níṣẹ́, ẹ̀yin náà á sì máa sanwó fún wọn lórí ọjà tí ẹ bá tà. Ojú ìwé tí iye owó wà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà. Ẹ jọ̀wọ́, ibi tí wọ́n kọ ohun tó lè mú wọn gba orúkọ wọn padà sí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Nàìjíríà ò ní òfin kan pàtó lórí franchise, nítorí náà ohun tí ẹ bá fọwọ́ sí ni adájọ́ máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé náà lọ sílé kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí lọ́yà tiyín bá yín kà á. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ òkè òkun ló ni orúkọ, ẹ béèrè ẹni tó máa forúkọ àdéhùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, láàárín 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Bí ẹ ò bá ṣe é, báǹkì lè má gbà láti fi owó wọn ránṣẹ́. Owó tí kò wọlé fún wọn sì wà lára ìdí tí wọ́n fi sábà máa ń fòpin sí àdéhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò pupa, kí ẹ pín àwọn ìdí sọ́nà méjì. Àwọn kan ṣeé tún ṣe: owó tó pẹ́, ilé ìdáná tó dọ̀tí, àkọsílẹ̀ títà tí ẹ ò fi ránṣẹ́, ọjà tí ẹ rà níbòmíràn. Àwọn kan wà tí ìwé kì í sábà fún yín láyè láti tún ṣe: kí ẹ dín iye tí ẹ tà kù nínú ìwé, kí ẹ sọ àṣírí iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, kí ẹ ta ṣọ́ọ̀bù láìgba àṣẹ, kí ẹ pa á tì, kí ẹ jẹ gbèsè tí ẹ ò lè san. Fún ti àkọ́kọ́, ẹ rí i pé ìkìlọ̀ wà, pé àyè àtúnṣe náà sì wà. Bí wọ́n bá kọ 7 ọjọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kó di 30.

Mo mọ obìnrin kan tí òróró tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kò sì dé. Ó sáré lọ sọ́jà Ìgbọ̀nà, ó ra kẹ́ẹ̀gì kan. Ọjọ́ Ajé ni alábẹ̀wò rí kẹ́ẹ̀gì yẹn lẹ́yìn fíríìsà. Lẹ́tà dé. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni ìlà kan péré nínú ìwé tó fún un ní 14 ọjọ́: ó da òróró yẹn nù, ó ya fọ́tò, ó kọ èsì, ó sì fi rìsíìtì òróró tuntun tó rà lọ́wọ́ wọn sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí kò ní ààlà, bí i “ohunkóhun tó bá ba orúkọ wa jẹ́” tàbí “nígbà tó bá wù wá”. Ẹ ti san owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ ti ra jẹnẹrétọ̀; wọn ò gbọ́dọ̀ lè fi ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan péré lé yín. Iye títà tí wọ́n ní kí ẹ dé náà ńkọ́? Títà Ìkẹjà kọ́ ni títà Ọláìyá. Nínú oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, èrò pọ̀ nílùú. Oṣù kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ọdún odindi ṣírò rẹ̀.

Bí lẹ́tà ìkìlọ̀ bá dé, ẹ má fi fóònù nìkan dáhùn. Ẹ kọ èsì, ẹ fi déètì sí i, ẹ sì máa san owó tó yẹ lọ. Bí wọ́n bá ti mọ̀ nípa àṣìṣe náà tipẹ́, tí wọ́n ṣì ń gba owó yín láìsọ nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ fún lọ́yà. Ó lè ràn yín lọ́wọ́.

Ó ku ibi tí wọ́n kọ ohun tí ẹ máa ṣe bí àdéhùn bá parí sí: ẹ ó já pátákó, ẹ ó kun ògiri, ẹ ó dá ìwé ìlànà padà. Ẹ wo ọdún mélòó àti ibi tí ẹ ò ti ní lè ta irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n kọ, ẹ ní kí wọ́n dín in kù sí àdúgbò yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.