Bí mo ṣe wá ilé fún pépà mi: ohun tí ojú mi rí lórí Aims and Scope

Ọjọ́ kẹta tí mo fi pépà ìwádìí mi ránṣẹ́ ni ẹ́dítọ̀ dá a padà. Ọjọ́ kẹta péré o, kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe rìfíù, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á, rárá. Gbólóhùn méjì ló kọ, ó ní iṣẹ́ náà dáa àmọ́ kò sí lára ohun tí jọ́nà àwọn, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ìwádìí sí, ń gbé jáde. Inú mi bàjẹ́ gan-an, torí ó lé lọ́dún kan tí mo fi ń lọ sí Ọjà Bódè n'Ìbàdàn, tí mò ń jókòó ti àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ, tí mò ń bi wọ́n ta ló kọ́ wọn níṣẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń dá ojúlówó ewé àti egbò mọ̀, kí ni wọ́n máa ń ṣe tí nǹkan kan bá wọ́n lójà.

Mo lọ bá ọ̀gá mi tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Wọn ò tiẹ̀ wo pépà náà. Wọ́n ní, "Ṣé o ka Aims and Scope wọn?" Ìyẹn ni ojú ìwé tí jọ́nà fi ń sọ irú iṣẹ́ tí òun ń gbà. Mo ní, "Mo kà á, mà." Wọ́n ní, "Ó dáa, sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi." Mo dákẹ́. Impact factor, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọn èèyàn ṣe ń tọ́ka sí iṣẹ́ inú jọ́nà kan tó, ni mo wò, mo rí i pé jọ́nà náà jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ewé, mo bá fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n padà lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo padà sórí àwọn iṣẹ́ tí èmi fúnra mi tọ́ka sí nínú pépà yẹn, mo ń kọ orúkọ jọ́nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹ́ta ló ń yọjú ṣáá: Economic Botany, Journal of Ethnopharmacology, àti Journal of Ethnobiology and Ethnomedicine. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ò sí níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan. Ìyẹn nìkan ti tó láti là mí lójú.

Mo tẹ Aims and Scope àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pépà, mo mú báírò, mo ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan, torí ọ̀gá mi ní ibẹ̀ ni kí n wò, kí n yé wo orúkọ ewé tí wọ́n dá. Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè máa ní nǹkan kan náà ni wọ́n, kì í ṣe nǹkan kan náà o. Journal of Ethnopharmacology, tó ti wà láti 1979, ohun tó ń bi ewé ni pé kí ló wà nínú ẹ tó ń ṣiṣẹ́ lára, wọ́n fẹ́ rí lábù, wọ́n fẹ́ rí ìwọ̀n. Economic Botany tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ohun tí èèyàn ń fi igi àti ewé ṣe ló ń wá, látijọ́ títí dòní, oúnjẹ ni o, oògùn ni o, aró ni o. Èyí tó kẹ́yìn, 2005 ló bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ìmọ̀ tó wà lágbárí àwọn aráàlú nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ìlera, ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ló ń sanwó, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kó lè yé yín dáadáa, ẹ wo orín àtà, igi tí wọ́n ń fi egbò ẹ̀ ṣe oògùn. Ní 1971, Abayomi Sofowora àti ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan kọ ọ́ pé omi egbò ẹ̀ ń mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn sickle cell, èyí tó ti wọ́, padà bọ̀ sípò. Lloydia ló gbé e jáde, jọ́nà tí wọ́n wá sọ di Journal of Natural Products, ilé ẹ̀ gan-an nìyẹn. Èmi ńkọ́? Ìyá kan ní Bódè ló já èèpo egbò orín àtà bíńtín fún mi, wọ́n ní kí n jẹ ẹ́. Ó kọ́kọ́ ta mí lẹ́nu bí ata, nígbà tó yá ahọ́n mi kú. Wọ́n ní, "Tí kò bá ṣe ẹ́ báyìí, ọmọ mi, kì í ṣe òun." Egbò kan náà ni, àmọ́ ìbéèrè tèmi ni báwo ni ìyá yìí ṣe mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi. Ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ nínú pépà mi, kẹ́míkà àti ibà tí oògùn ò ràn mọ́ ni mò ń sọ, bíi pé mo dé lábù rí, ká tó wá dé ọjà. Ibi tí mò ń lọ ò hàn sí ẹni tó ń kà á.

Ọ̀gá mi tún yọ jọ́nà àtijọ́ kan jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù: Odù. Ìbàdàn níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955, Saburi Bíòbákú àti Ulli Beier wà lára àwọn tó ń ṣe é. A Journal of Yoruba and Related Studies ni wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ ẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó dọwọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, ó di ti African Studies, ó tún yá, ó di A Journal of West African Studies. Orúkọ ò yí padà, ìlà kékeré abẹ́ ẹ̀ ló ń yí, ìlà yẹn ló sì ń sọ ẹni tó lè wọlé. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yẹn gan-an. Ní 1665 tí irú àwọn jọ́nà yìí kọ́kọ́ jáde ní Paris àti London, ìràwọ̀, ẹranko, ìṣègùn, gbogbo ẹ̀ ló wà pa pọ̀, ìgbà tí ìmọ̀ pọ̀ sí i ni kálukú wá mú oko tiẹ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni íméèlì kan wọlé látọ̀dọ̀ jọ́nà kan, wọ́n ń yìn mí, wọ́n ní láàárín ọjọ́ márùn-ún àwọn máa gbé pépà mi jáde tí mo bá ti sanwó. Mo lọ ka scope wọn: iṣẹ́ àgbẹ̀, òfin, nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ẹ̀rọ, báǹkì. Mo wá wọn lórí DOAJ, ìkànnì tó ń to orúkọ àwọn jọ́nà tí èèyàn lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, mo wá wọn lórí AJOL tí jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ sí, wọn ò sí níbì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún irú wọn lówó.

Èyí tí mo wá yàn (ẹ má bínú, mi ò ní dárúkọ ẹ̀) ní àwọn ò gba àtòjọ orúkọ ewé lásán, àti pé ewé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí ní hẹbéríọ́mù, ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ sí pẹ̀lú orúkọ wọn. Mo kó ewé àti ẹ̀ka tí mo ti tẹ̀ sáàárín ìwé ìròyìn lọ sí Forest Herbarium ní FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti Nàìjíríà, ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ní Fagara zanthoxyloides tí mo kọ fún orín àtà ti di orúkọ àtijọ́, Zanthoxylum zanthoxyloides ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó fún mi ní nọ́ńbà FHI, ìyẹn nọ́ńbà hẹbéríọ́mù náà, fún gbogbo wọn. Mo fa ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ yẹn ya, mo fi ìyá Bódè àti ahọ́n mi bẹ̀rẹ̀ pépà náà, nínú lẹ́tà tí mo kọ sí ẹ́dítọ̀ mo sọ gbólóhùn tó wà nínú scope wọn tí iṣẹ́ mi ń dáhùn.

Lọ́tẹ̀ yìí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe rìfíù. Wọ́n béèrè nǹkan mọ́kànlá, mo dáhùn gbogbo ẹ̀, wọ́n gbà á. Ọ̀rẹ́ mi kan ní fámásì ti ní òun fẹ́ ká jọ gbé egbò yẹn wọ lábù lọ́dún tó ń bọ̀. Kò tíì wọn gíráàmù kan, àmọ́ a ti tẹ scope jọ́nà méjì jáde, ó ń fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ tiẹ̀.