Tí gíà ọ́tómátíìkì bá ń pẹ́ kó tó wọlé: ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ gíà kalẹ̀ kó tó yọ géèjì rẹ̀, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì gíà, wò. Toyota Camry 2.4 ti 2002 sí 2006, èyí tí a ń pè ní Big Daddy, la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó pọ̀ ní títì wa, ó sì ní géèjì gíà tí ẹnikẹ́ni lè fà yọ fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìpẹ́ tó jẹ́. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi gíà sí D tàbí R kí ọkọ̀ dúró gbọin-in kó tó mú. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ́ńjìnnì máa ké kó tó kúrò ní gíà kejì bọ́ sí ìkẹta. Tí ọwọ́ RPM, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, bá ń fò sókè àmọ́ tí eré ọkọ̀ kò lé sí i, gíà ń yọ̀ nìyẹn, òun ló sì burú jù nínú gbogbo wọn.

Fún irú àkọ́kọ́, ẹ lo aago fóònù. Kí ọkọ̀ ti gbóná, kó wà níbi tó tẹ́jú, kí AC wà ní pípa. Ẹ fa hand brake, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ fa ọwọ́ gíà láti N sí D. Ẹ ka àkókò láti ìgbà tí ọwọ́ gíà bá bọ́ sí D títí di ìgbà tí ara ọkọ̀ bá mì díẹ̀: kò gbọdọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 1.2. Láti N sí R, kò gbọdọ̀ tó 1.5. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sí àárín, kí ẹ wá pín àròpọ̀ rẹ̀ sí mẹ́ta. Tí D àti R bá jọ ń pẹ́, agbára tí ọ́ìlì fi ń ti clutch (àwọn àwo inú gíà tó ń mú ara wọn kí ọkọ̀ tó lè lọ) ló kéré: ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, fílítà ti dí, tàbí pọ́ǹpù ti rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré ló ń pẹ́, ẹ fura sí clutch ẹ̀gbẹ́ yẹn. Tó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń ṣe é, tí ara rẹ̀ ń yá tó bá gbóná, àwọn síìlì inú ló sábà máa ń ti gan.

Ó wá kan ọ́ìlì. Ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù, torí ọ̀pọ̀ ń wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní pípa. Nígbà náà, ọ́ìlì inú torque converter (ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà) ti ṣàn padà sísàlẹ̀, géèjì á sì sọ pé ó kún nígbà tí kò kún. Ẹ wa ọkọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ọ́ìlì gbóná dé 70 sí 80°C. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fa ọwọ́ gíà láti P dé L, kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá a padà sí P. Ẹ yọ géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í wọlé dé ìdí, ẹ tún yọ ọ́. Àárín àmì HOT méjèèjì ló yẹ kó wà. Tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pọ́ǹpù ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì ń hó, clutch ò sì rí agbára tètè mú.

Ẹ kán an sórí tíṣù funfun. Tó bá pupa tó sì ràn káàkiri, ó dáa. Tó bá dúdú tó ń rùn bíi nǹkan tó jóná, tí èérún dúdú wà nínú rẹ̀, ara clutch ló ń fọ́ yẹn. Tó bá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú gíà. Inú rádíétọ̀ ni ọ́ìlì gíà ń gbà kọjá kó lè tutù, omi lásán tí àwọn èèyàn ń rọ dípò coolant a sì máa jẹ ibẹ̀ títí á fi lu. Ẹ má wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síbì kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á, torí omi a máa bó ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú clutch.

Ọ́ìlì gíà (ATF) tí ọkọ̀ yìí ń mu ni Toyota ATF Type T-IV. Ọ́ìlì pupa tí wọ́n kàn kọ ATF sí lára kì í ṣe ọ̀kan náà. Toyota ATF WS náà kọ́, àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má sì pò wọ́n. Tí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, nǹkan bíi lítà 3.5 ló máa jáde, kò tó ìdajì, torí ìyókù wà nínú torque converter. Ẹ wọn èyí tó jáde, iye yẹn gan-an ni kí ẹ dà padà láti ihò géèjì, kí ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Tí gíà bá ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ́ìlì tuntun kò lè dá ojú clutch tó ti jẹ tán padà. Ẹ má fowó ṣòfò lórí ìyẹn.

Tí ọ́ìlì bá pé tó sì mọ́, ẹ lọ scan ọkọ̀, kódà tí iná check engine kò bá tàn. Nínú àwọn kóòdù tó lè jáde, P0748 ń tọ́ka sí SLT, ìyẹn solenoid (fáàfù oníná) tó ń darí agbára ọ́ìlì, P0741 sí lock-up (ìtìpa) ti torque converter, P0500 sí sẹ́ńsọ̀ eré. Kí ẹ tó ra solenoid, kí rewire fi mítà wọ̀n ọ́n: èyí tó kàn ń ṣí tó ń pa yẹ kó wà láàárín ohm 11 sí 15, SLT láàárín 5.0 sí 5.6. Tí nọ́ńbà bá pé, ẹ yẹ wáyà àti socket rẹ̀ wò.

Ẹ má gbàgbé ẹ́ńjìnnì. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ (MAF) bá sọ ni brain box fi ń pinnu ìgbà tí gíà máa pààrọ̀, nítorí náà MAF tó dọ̀tí tàbí kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì tó ń já lè mú kí gíà máa lọ́ra nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é. MAF cleaner ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má lo pẹtiróòlù. Síìtì ẹ́ńjìnnì (rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró) tó ti já náà máa ń gbá gbì tí ẹ bá fi gíà sí D, wọ́n á ní gíà ni.

Tó bá wá di dandan kí ẹ ra tòkúnbọ̀ ní Ládípọ̀, ẹ ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ A/TM lára páálí ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ti 2002 sí 2004 jẹ́ U241E, gíà mẹ́rin. Ti 2005 àti 2006 jẹ́ U250E, gíà márùn-ún, brain box ti ọ̀kan kò sì lè darí èkejì. Kí wọ́n tó gbé e sókè, ẹ rí i pé wọ́n fọ páìpù tó lọ sí rádíétọ̀ àti inú rádíétọ̀ fúnra rẹ̀, kí èérún clutch àtijọ́ má baà wọ inú tuntun.