Bí A Ṣe Ń Dá Ọgbà Ẹ̀fọ́ Sílẹ̀ ní Ìgbèríko Japan

Ìwádìí tí ìjọba Japan ṣe ní ọdún 2023 fi hàn pé ilé òfìfo tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 ni ó wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àwọn tí ó sì wà ní ìgbèríko sábà máa ń ní ilẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ gbin nǹkan lọ́gán, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò kí ó tó gbé ọkọ́.

Takuchi ni ìwé náà ń pe ilẹ̀ ilé. Hatake ni ilẹ̀ oko gbígbẹ. Ta sì ni àbàtà ìrẹsì. Kò sí ẹni tí ẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbin ẹ̀fọ́ sórí takuchi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ hatake tàbí ta, ẹ kò lè rà á bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àgbẹ̀ ìlú, tí wọ́n ń pè ní nōgyō iinkai, bí ó tilẹ̀ wà lẹ́bàá ilé. Òfin tí ó ń béèrè pé kí ilẹ̀ olùrà tó ìwọ̀n kan ti kúrò ní oṣù kẹrin ọdún 2023, èyí tí ó mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ ju ọgbà kékeré lọ.

Ẹ má ṣe dá gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Mítà márùn-ún ní gígùn àti méjì ní fífẹ̀ tó fún ọdún àkọ́kọ́, nítorí pé koríko ìgbà ooru kì í ṣàánú ẹni tí ó dá èyí tí apá rẹ̀ kò ká. Ẹ ṣán igbó, kí ẹ sì hú gbòǹgbò oparun àti ìtàkùn kuzu tán, torí èyí tí ó bá ṣẹ́kù yóò tún hù.

Ní Kanto, Tohoku, Hokkaido àti Kyushu, ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní kuroboku wọ́pọ̀. Eérú òkè oníná ni ó di ilẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ti mọ ilẹ̀ dúdú sí ilẹ̀ ọlọ́ràá lè rò pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti ro, àmọ́ ó sábà máa ń kan, ó sì máa ń di fọ́sífọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú oúnjẹ irúgbìn, mú débi pé gbòǹgbò kì í rí i fà. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn, ẹ fọ́n kudo sekkai, ìyẹ̀fun tí ń pa kíkan ilẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 100 sí mítà kan níbùú lóròó, kí ẹ sì rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ẹ tó da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, náítírójìn inú ìgbẹ́ náà yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Ajílẹ̀ yōrin ni ẹ ó fi pèsè fọ́sífọ́ọ̀sì.

Òjò tsuyu máa ń rọ̀ láti oṣù kẹfà wọ oṣù keje ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà ẹ kọ ebè gígùn kí omi lè gba inú poro ṣàn lọ. Bí ilẹ̀ náà bá ti jẹ́ àbàtà ìrẹsì rí, ẹ gbé ebè náà ga tó sẹ̀ǹtímítà 30.

Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ máa ń ka ọjọ́ 88 láti ọjọ́ tí ìgbà ìrúwé bẹ̀rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà wọn, èyí tí ó máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, kí wọ́n tó gbà pé ìrì dídì ti lọ. Ìgbà náà ni ẹ gbin tòmátì, ìgbá àti kùkúḿbà. Lórí òkè, ẹ tún fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún un. Ìparí oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹsàn-án ni ti daikon, ẹ̀fọ́ funfun gígùn tí a ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Ojú ibi tí yóò dàgbà sí ni ẹ gbìn ín, ẹ má ṣe lọ́ ọ, ẹ má sì da ajílẹ̀ tí kò jẹrà tán sí i, torí méjèèjì máa ń mú kí gbòǹgbò rẹ̀ la ẹsẹ̀ méjì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ewédú yóò rí i níbẹ̀ pẹ̀lú: moroheiya ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí ó ti èdè Lárúbáwá wá. Ẹ máa já orí rẹ̀ ní ìgbà ooru, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tanná nígbà tí ojúmọ́ ń kúrú, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí májèlé tí ń kọlu ọkàn wà nínú hóró rẹ̀.

Ìmàdò ni ọ̀tá tó kù. Ẹ na wáyà iná méjì yí ọgbà ká, èkíní ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí ilẹ̀, èkejì ní 40, kí ó lè gbé e ní imú, nítorí irun ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó mọ iná lára. Tọ̀sán-tòru ni kí iná náà wà, kí ẹ sì máa gé koríko abẹ́ rẹ̀ kúrò. Koríko tútù tí ó bá kan wáyà yóò fa iná náà wọlẹ̀.