Kí Kong tó di ọba: bí mo ṣe to ìtàn Skull Island sórí bébà kan

Ẹni tó bá ti wo King Kong, fíìmù ìnàkí ńlá ti ọdún 1933, kò ní gbàgbé ògiri tó wà ní erékùṣù Skull Island. Gìrìwò ni wọ́n mọ ọ́n, kí ẹranko abàmì má bàa ráyè wọlé tọ àwọn ará erékùṣù wá. Síbẹ̀, wọ́n tún ṣe ìlẹ̀kùn sí i, ìlẹ̀kùn tó tóbi débi pé Kong fúnra rẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá láìbẹ̀rẹ̀. Ta ní ń sá fún ọ̀tá, tó tún ń ṣí ẹnu ọ̀nà tó bá ọ̀tá náà mu sílẹ̀? Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ìdí àwọn ìwé ìtàn aláwòrán tí Joe DeVito àti Brad Strickland jọ ṣe, èyí tó ń sọ bí erékùṣù náà ṣe rí kí àwọn oníṣinimá tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo bu fún ara mi ni kí n kà wọ́n, kí n sì to ìṣẹ̀lẹ̀ inú wọn sórí bébà ńlá kan, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n mọ ògiri títí dé ọdún 1957.

Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìwé kankan. Fíìmù náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí Merian C. Cooper àti Ernest B. Schoedsack darí, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti jáde. Ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀ nípa erékùṣù náà, mo dá a dúró, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pọ̀ rárá. Nínú ọkọ̀, Carl Denham, oníṣinimá tó kó wọn lọ síbẹ̀, tẹ́ máàpù síwájú ọ̀gákọ̀ àti igbákejì rẹ̀, Jack Driscoll, ó ní ògiri náà ti pẹ́ débi pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí ti gbàgbé ọ̀làjú àwọn tó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó bà jẹ́, torí wọ́n nílò rẹ̀. Ó tán. Lójú tèmi, orí gbólóhùn bíi mélòó kan yìí ni DeVito àti Strickland kọ́ ilé wọn lé. Mo kọ ọ́ sókè bébà náà, mo fa ìlà sí i nídìí.

Ohun tó tún kàn ni kí n ya Kong sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí n lè rí bí ìlẹ̀kùn ṣe tóbi sí. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ní erékùṣù, ẹsẹ̀ bàtà 18 ni wọ́n fi gíga Kong sí. Nígbà tó dé New York, Cooper rí i pé á kéré jù láàárín àwọn ilé gogoro, ló bá di ẹsẹ̀ bàtà 24. Bẹ́ẹ̀, ère Kong tí Willis O'Brien, ẹni tó ń mú kó dà bí ẹni pé ó ń rìn, ń lò kò ju nǹkan bí ínǹṣì 18 lọ. Wọ́n á sún un díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tún sún un, ìgbà 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ẹ tẹjú mọ́ irun ara Kong dáadáa: ó ń rú, ó ń sùn, bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Kò sí atẹ́gùn kankan níbẹ̀. Ipa ìka àwọn tó ń sún ère náà ni. Èmi lo ẹsẹ̀ bàtà 18, torí erékùṣù ni ògiri wà.

Ìwé tí Delos W. Lovelace kọ láti inú ìtàn fíìmù náà jáde lópin ọdún 1932, kí fíìmù tó dé ilé sinimá. Mo kà á kíá. Wanderer ni wọ́n pe ọkọ̀ inú rẹ̀, dípò Venture tó jẹ́ orúkọ ọkọ̀ inú fíìmù. Mo kọ ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ bébà, mo kọjá.

Ó wá kan Kong: King of Skull Island, tó jáde lọ́dún 2004. Mo kọ́kọ́ ṣí i láti páálí dé páálí láìka ìlà kan, àwòrán nìkan ni mò ń wò. Ó dùn mọ́ mi pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. DeVito kì í ṣe ayàwòrán nìkan, ó tún ń mọ ère, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀: Kong tirẹ̀ ní egungun àti iṣan lábẹ́ awọ, ó wúwo lójú. Àwòrán ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn erékùṣù náà ló máa gba iwájú, kí n tó ka ọ̀rọ̀ kankan.

Inú ìtàn ni wọ́n ti pa ìtàn mìíràn. Lẹ́yìn tí Kong ja bọ́ láti orí Empire State Building, òkú rẹ̀ pòórá, Carl Denham náà pòórá. Ní 1957, Vincent, ọmọ Denham, wá bàbá rẹ̀ lọ sí erékùṣù pẹ̀lú Driscoll. Ibẹ̀ ni ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Storyteller (apìtàn) ti bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn fún un: ti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ishara, ti Gaw, ẹranko afàyàfà burúkú tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba tilé toko, àti ti Kong nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Nítorí pé ìtàn náà ń lọ tó ń bọ̀, bírò méjì ni mo lò, búlúù fún 1957, pupa fún ohun tí ìyá arúgbó ń sọ. Láìfi bọpo bọyọ̀, apá ti 1957 ń falẹ̀. Ibi tí ìyá arúgbó bá ti lanu ni ìwé náà ti ń dùn.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ìdáhùn ìlẹ̀kùn. Kong kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo látilẹ̀wá. Irú rẹ̀ pọ̀ nígbà kan, àwọn àti ènìyàn sì jọ ń gbé ni, wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ògiri náà pọ̀ láti dènà àwọn ẹranko afàyàfà. Àwọn ìnàkí ńlá yìí náà ní láti wọlé kí wọ́n sì jáde, ìdí nìyẹn tí ẹnu ọ̀nà fi tóbi. King of Skull Island ti 2004 la ọ̀nà yìí. Ìtàn King Kong of Skull Island, tó ní apá méjì, Exodus àti The Wall, wá padà sẹ́yìn gan-an lọ bá àwọn tó kọ́ ògiri fúnra wọn. Mo padà lọ wo ibi tí àwọn ará erékùṣù ti fi Ann Darrow, òṣèré obìnrin tí Denham mú wá, rúbọ fún Kong nínú fíìmù, ó sì yàtọ̀ lójú mi. Tẹ́lẹ̀, ìbẹ̀rù nìkan ni mo rí níbẹ̀. Báyìí, mo ń rí àjọṣe àtijọ́ tó ti wọ́. Ohun tó tiẹ̀ wù mí jù ni pé fíìmù 1933 sọ àwọn ará erékùṣù di èrò tó kàn ń pariwo, ṣùgbọ́n àwọn ìwé yìí fún wọn lórúkọ, wọ́n fún wọn ní olórí, wọ́n tún fún wọn ní ìjà abẹ́lé. Mi ò rò pé ẹlòmíì ti ṣe wọ́n lóore tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó kọ̀ tí kò wọlé sínú bébà mi ni Son of Kong, fíìmù tó tẹ̀lé King Kong, tó jáde lópin 1933 kan náà. Ní ìparí rẹ̀, ilẹ̀ mì, erékùṣù náà sì rì sínú òkun tán pátápátá. Kí wá ni Vincent fẹ́ gúnlẹ̀ sí ní 1957? Àwọn ìwé yìí kò bá fíìmù yẹn rìn ni. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́ sí eteetí bébà, mo fi ìlà yà á sọ́tọ̀. Ìwé ti ọdún 2005, níbi tí DeVito àti Strickland ti tún ìtàn Lovelace sọ kó lè bá tiwọn mu, ni mo fi sí àyè 1933.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí, ẹ wo fíìmù náà, kí ẹ ka ti 2004, lẹ́yìn náà Exodus àti The Wall. Ti Lovelace lè dúró. Kí ẹ sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ lápá òsì bébà, torí ẹ̀yìn ni àwọn òǹkọ̀wé yìí ń lọ. Ọdún 1933 tèmi wà ní àárín gbùngbùn, mo sì ní láti lẹ bébà míì mọ́ ọn kí ògiri tó ríbi dúró sí.