Bí ẹ ṣe lè wá àwọn baba ńlá tí wọ́n fi ṣẹrú ní Amẹ́ríkà, kọjá ọdún 1870

Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni ìyàwó mi, Georgia làwọn èèyàn ẹ̀ ti wá. Tí mo bá ń ki àwọn ọmọ wa, mo lè ka baba tó bí baba títí tí ó fi jìnnà, ṣùgbọ́n tó bá kan ti ìyá wọn, a dé 1870 a dúró. Bí a ṣe wá kọjá ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, torí ọ̀pọ̀ wa ló ti fẹ́yàwó tàbí fẹ́ ọkọ níbẹ̀, àwọn ọmọ á sì bèèrè lọ́jọ́ kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ 1870. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá nìjọba Amẹ́ríkà máa ń ka èèyàn. Ní 1860, ẹrú tó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọn ò sì kọ orúkọ wọn, orúkọ olówó wọn ni wọ́n kọ, tí wọ́n á wá to àwọn ẹrú sábẹ́ ẹ̀ pé obìnrin, 35, dúdú. Ó tán. Ogun abẹ́lé parí ní 1865, òfin tó fòpin sí oko ẹrú fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní December ọdún yẹn, ìkànìyàn 1870 ló wá di àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn bíi ti èèyàn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ṣì wà láyé. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ìnagijẹ, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n sin òkú sí. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sórí FamilySearch, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá ìtàn ìdílé, ọ̀fẹ́ ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkànìyàn 1950 kẹ́ ẹ máa padà sẹ́yìn. Iná ba ti 1890 jẹ́, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti ṣègbé, nítorí náà láti 1900 ẹ máa fò sí 1880. Tẹ́ ẹ bá dé 1870, ẹ kọ orúkọ àwọn aládùúgbò náà sílẹ̀, gbogbo ojú ìwé yẹn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò jìnnà sí oko tí wọ́n ti ṣẹrú, ẹ̀gbọ́n lè wà nílé kejì pẹ̀lú orúkọ ìdílé míì.

Láti ibẹ̀ lọ, ẹ má wá orúkọ nìkan mọ́, ẹ wá ibi tí owó àti ìbọn gbà kọjá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ̀wé.

Àkọ́kọ́ ni Freedman's Savings Bank, báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní 1865. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣí àkáǹtì máa ń béèrè ibi tí wọ́n bí ẹ sí, bàbá, ìyá, àwọn ọmọ ìyá, ìgbà míì olówó rẹ tẹ́lẹ̀ pàápàá. Ibẹ̀ dùn ún wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́, báńkì yẹn dẹnu kọlẹ̀ ní 1874, owó àwọn tó lé ní 60,000 há síbẹ̀, ó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, àwọn èèyàn tí ò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú! Ìwé tá a fi ń wá wọn lónìí, ìwé owó tí wọ́n pàdánù ni. Tí ẹnì kan bá bi yín ìdí tí ọrọ̀ dúdú àti funfun ò fi dọ́gba níbẹ̀, ẹ mú un lọ síbẹ̀.

Ìkejì ni Freedmen's Bureau, àjọ ìjọba tó ṣiṣẹ́ láti 1865 dé 1872. Ìwé ìgbéyàwó, àdéhùn iṣẹ́, àti ẹjọ́ wà níbẹ̀, títí kan ti àwọn òbí tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba ọmọ wọn padà lọ́wọ́ olówó wọn àtijọ́ tó sọ pé òun ń kọ́ ọmọ náà níṣẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn sójà. Nǹkan bí 179,000 ọkùnrin dúdú ló wọ iṣẹ́ ológun ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun abẹ́lé yẹn, orúkọ tẹ́ ẹ máa rí ni United States Colored Troops. Dọ́là mẹ́wàá ni wọ́n ń san fún wọn lóṣù, wọ́n á tún yọ mẹ́ta fún aṣọ, nígbà tí funfun ń gba mẹ́tàlá, 1864 ni wọ́n tó tún un ṣe. Tí sójà bá kú, ìyàwó ẹ̀ máa béèrè pẹ́ńṣàn, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọkọ òun ni lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ òfin ò ka ìgbéyàwó ẹrú sí, kò sí ìwé kankan. Ó di dandan kó kó ẹlẹ́rìí wá, àwọn tí wọ́n jọ dàgbà lóko kan náà, kí wọ́n wá sọ ẹni tó ni wọ́n, ẹni tó so wọ́n pọ̀, ọmọ tí wọ́n bí, ẹni tí wọ́n tà lọ. Ìtàn odindi ìdílé lè wà nínú fáìlì kan. Káàdì orúkọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì fúnra ẹ̀ ẹ lè ní láti sanwó kí National Archives ní Washington, ibi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún yín. Ẹ ṣọ́ra o, sójà lè fi orúkọ olówó ẹ̀ wọṣẹ́ kó tó wá yí i padà.

Tẹ́ ẹ bá ti rí orúkọ olówó (ẹ má rò pé orúkọ ìdílé wọn ló máa ń jẹ́), ẹ wá a nínú ìkànìyàn 1860, ibi tí wọ́n kọ "Slave Schedule" sí, kẹ́ ẹ yọ ọdún mẹ́wàá kúrò nínú ọjọ́ orí tí wọ́n kọ ní 1870. Kò ní bára mu régé. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ìwé kóòtù tí wọ́n fi pín ogún nígbà tí olówó náà kú. Orúkọ àwọn ẹrú sábà máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye dọ́là, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin àti màlúù. Ẹ má dá nìkan kà á. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi rí orúkọ ìyá ńlá ẹ̀ pẹ̀lú iye owó níwájú ẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ọ̀sẹ̀ méjì la ò padà síbẹ̀.

Ẹ tún wo ìwé olùdìbò 1867 ní gúúsù, ọkùnrin dúdú tó ti pé 21 wà níbẹ̀. Tí orúkọ bá sọnù nínú ìwé ìdìbò lẹ́yìn ìgbà yẹn, kì í ṣe pé ó kú dandan. Ní ìpínlẹ̀ Louisiana, olùdìbò dúdú tó wà lórí ìwé ní 1896 tó bí 130,000, nígbà tó fi máa di 1900 wọ́n ti fi òfin dín wọn kù sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti díẹ̀, 1965 ni òfin ìdìbò tó dáàbò bò wọ́n tó dé.

Tí gbogbo ẹ̀ bá já sófo, ẹ lọ ka ìpolówó táwọn èèyàn fi ń wá ìyá wọn, ọmọ wọn, nínú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ogun. Southwestern Christian Advocate ní New Orleans bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1877, "Lost Friends" lorúkọ ẹ̀, wọ́n ní kí àwọn pásítọ̀ máa kà á sókè nínú ìsìn. Tẹ́ ẹ bá ń wá ìpolówó wọ̀nyẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àpótí ìṣàwárí, ẹ tẹ orúkọ ẹni tó tà wọ́n àti ti ẹni tó rà wọ́n pẹ̀lú, torí ohun tí ọmọ tí wọ́n tà ní kékeré sábà máa ń rántí nìyẹn.