Ẹ má fún JPEG níṣẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú fọ́tò yín tẹ́ ẹ sì máa ẹ́díìtì ẹ̀

JPEG ni irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ fọ́tò máa ń jẹ́, ohun tó sì máa ń ṣe ni pé kí fáìlì lè kéré, ó máa ń yọ lára fọ́tò yẹn dànù, àwọn nǹkan tójú ò ní tètè rí, èyí tó bá sì ti yọ ti lọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ò burú. Àmọ́ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe nǹkan sí i tẹ́ ẹ tún sééfù ẹ̀, á tún yọ òmíì, tó bá yá ojú ọ̀run tó yẹ kó jọ̀lọ̀ á wá rí págunpàgun bíi pé wọ́n to búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Ṣíṣí i lásán tàbí kíkọ́pì ẹ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù ìyẹn lásán.

Torí náà látorí kámẹ́rà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa ẹ́díìtì dáadáa, ẹ lọ sí sẹ́tíìnì kẹ́ ẹ yan RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì sọ di fọ́tò tó ti parí. JPEG ò ní ju ìpele 256 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, RAW tó jẹ́ bíìtì 14 ní 16,384, ìyẹn ni ibi tó ṣókùnkùn ṣe máa ń ṣeé tan ìmọ́lẹ̀ sí láìrí játijàti. Orúkọ tí fáìlì RAW máa ń jẹ́ yàtọ̀ síra: ti Canon lè jẹ́ CR3, ti Nikon NEF, ti Sony ARW. Ó máa ń tóbi gan-an ṣá, ẹ wá àyè sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti kó o sórí kọ̀ǹpútà, ẹ tún kọ́pì ẹ̀ síbòmíì, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kan ojúlówó yẹn mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí fáìlì kékeré tó ń jẹ́ XMP lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má pa á rẹ́ o, inú ẹ̀ ni gbogbo àtúnṣe tẹ́ ẹ ṣe sí RAW yẹn wà.

Iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, TIFF bíìtì 16, irú fáìlì tí kì í yọ nǹkan kan dànù, ni kẹ́ ẹ fi sééfù ẹ̀, tàbí PSD, ìyẹn fáìlì Photoshop, tẹ́ ẹ bá ń lo layer (àtúnṣe tẹ́ ẹ tò léra wọn). Tó bá jẹ́ JPEG nìkan lẹ ní ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ di TIFF kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò ní dá èyí tó ti lọ padà, àmọ́ kò ní pàdánù kún un mọ́. PNG náà kì í yọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n screenshot àti àwòrán tí wọ́n ti yọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kúrò ló dáa fún jù. GIF, àwọ̀ 256 péré ló lè gbà, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ̀yin oní-iPhone, HEIC, irú fáìlì fọ́tò míì, ni fóònù yín ń yà láti iOS 11 lọ́dún 2017, ó kéré ju JPEG lọ ó sì dáa, àmọ́ àwọn kọ̀ǹpútà kan ò lè ṣí i. Tó bá ń dà yín láàmú, ẹ lọ sí Settings, Camera, Formats, kẹ́ ẹ yan Most Compatible.

Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni JPEG. Tẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo látinú TIFF yẹn, kọ́lítì 85 tàbí 90 ti tó, àwọ̀ ẹ̀ kó jẹ́ sRGB, ìyẹn ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lò. Tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe lẹ́yìn náà, inú TIFF ni kẹ́ ẹ padà sí, ẹ má tún JPEG yẹn ṣe. Tó bá sì jẹ́ orí WhatsApp lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, torí tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, á tún fún un pọ̀ ni.